Kéèkì Wàláà Aqeelah

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
                                        Àtìkòrí, Ìjẹ̀bú-Igbó.
                                        9 Oṣù Kejì, 2025.

Moyinolúwa, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni gbogbo ará ìlú Àbígí? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́? Ara àwa náà le, alihamudulilai. Tí n bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lórí fóònù, ẹ̀rín lo máa fi pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Aqeelah, ọmọ bùọ̀dá mi Mùtàlíbù, parí Kùránì, wọ́n sì ní kí n ṣe kéèkì wòlímọ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti jọ kọ́ṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, kéèkì tó bá jọ ohun tí kì í ṣe kéèkì ni ọkàn mi ń fà sí. Mo ní wàláà ni n ó ṣe, pátákó igi tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ ìwé. Mo gbé ògbólógbòó kan síwájú, mo ń wò ó ṣe. Mo fi ṣúgà pípò bo kéèkì, mo fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà igi sí i lára, títí kan ibi tí ikán ti jẹ. Kókó lílọ̀ tí mo pò mọ́ omi ni mo fi ṣe tàdáwà, mo fi kọ Fátíà, súrà àkọ́kọ́, sí i. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Moyin, n ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ wòlímọ̀ náà, bùọ̀dá mi wọ kíṣìnì, ojú ẹ̀ le koko. Ó ní ta ló gbé wàláà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀? Kí n tó lanu, ó ti di ọrùn wàláà náà mú pé kóun lọ gbé e kọ́ sára ògiri. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọnú kéèkì lọ. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá lá a. Mo rẹ́rìn-ín kí n tó tún un ṣe. Inú mi ń dùn pé mo rí èèyàn tàn jẹ.

Àṣé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nígbà tó tó àkókò àtigé kéèkì, Aqeelah gba ọ̀bẹ, ó wo Fátíà, ó sì dá ọ̀bẹ padà. Ràhmát ìyá rẹ̀ gbà á, òun náà ò lè gé e. Wọ́n bi àlùfáà, àlùfáà ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti kà á léèwọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ò na ọwọ́. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò, ẹnìkan ò jẹ. Ràhmát ní ká kúkú gbé e pamọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Ta ló ń ṣe kéèkì fún èèrà? Mo ń bi ara mi bóyá mo ti ṣe é dáadáa débi tí kì í ṣe oúnjẹ mọ́.

Ìyá Àgbà, Àlájà Abibat tó bí bàbá mi, ló ní kí wọ́n bu omi mímu wá sínú abọ́, kí wọ́n sì mú aṣọ funfun tó mọ́ wá. O lè má mọ èyí: láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fọ ohun tí wọ́n kọ sára wàláà sínú omi, wọ́n á fún ọmọ kéwú mu. Hàntú là ń pè é. Ìyá Àgbà rẹ aṣọ náà sínú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu kéèkì mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fún un sínú abọ́. Ìlà tí mo fara balẹ̀ kọ ń parẹ́ lójú mi, mo sì fẹ́ pariwo. Ìgbà náà ló wá yé mi. Èmi ṣe ohun tó jọ wàláà, Ìyá Àgbà ló lò ó bíi wàláà. Aqeelah mu nínú hàntú náà, ó ní ó dùn, ó sì fúnra rẹ̀ gé kéèkì. Àwọn àlejò ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù, títí dé ibi tí ikán jẹ.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó kù tèmi?" Àbọ̀ Fátíà ni wọ́n kọ́ dé kí wọ́n tó yọ wọ́n kúrò ní kéwú, pé obìnrin ni wọ́n, kí wọ́n lọ kọ́ òwò. Ẹnìkan ò fọ wàláà fún wọn rí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ hàntú tí Aqeelah mu kù fún wọn. Wọ́n ní Bísímílà, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì fi ìka nu ìdí abọ́ lá.

Bá mi kí Màmá àti Jedidiah àbúrò rẹ. Kí Ọlọ́run dá wa sí fún ara wa.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Muslimah.