Mo Gbọ́ Àṣìṣe Àgbà, Mo Dákẹ́

Mma Gaolathe, ìyá wa olóòtú, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ètò rédíò yìí ní ìlú Maun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Mo kọ̀wé pé mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n ní kí n bá awakọ̀ òfuurufú kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ lórí rédíò, bí ẹni pé ó wà lókè lóòótọ́. Ohun tí mo bá ní kó ṣe, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ kí n lè mọ̀ pé ó gbọ́. Mo ní kó dúró ní gíga ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ẹsẹ̀ bàtà, nítorí ọkọ̀ mìíràn wà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bàbá náà dáhùn pé, “Ẹgbẹ̀rún márùn-ún.”

Mo gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í sọ. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Rra,” bí a ṣe ń pe bàbá àgbà.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, o mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Ẹ̀kọ́ ilé rẹ ti pa èèyàn méjìlá tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì.”

Wọ́n ní kí n padà wá tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Nílé, mo bi bàbá mi bóyá mo lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, kí n fi kọ́ra. Ó fajú ro, ó ní, “Ìwọ? Dán an wò!”

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n kọ́ mi ni, àbí ìbẹ̀rù? N kò mọ̀ mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́, bí ọmọdé bá ké sí yín pé, “Rárá, Rra,” ṣé ẹ ó dárí jì í?