Àwo Tí Mo Ní Kí O Sọ Nù

Fúnlọ́lá,

Bí o bá ti ọsibítù dé, jọ̀wọ́ ka ìwé yìí kí o tó sùn. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò, gbé e kaná díẹ̀.

Mo ń nu àwọn àwo jùjú wa láàárọ̀ yìí. O mọ̀ pé méjì la ní nínú orin kan náà: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Èkó, tí mo fi ọdún méjì wá, àti èyí tí o rà fún mi lọ́jà Harpurhey. Nígbà tí mo ka nọ́ńbà tí wọ́n fín sí wọn lára ni mo rí i pé mo ti kì wọ́n bọ páálí ara wọn. Èyí tí mo gbé sórí ẹ̀rọ ní Sọ́ńdè, tí mo ní kí Theophilus tó wá kí wa gbọ́ bí gìtá ṣe ń dún ketekete, tìrẹ ni. Èyí tí mo ní ó ń ta bí ẹni ń dín àkàrà, tí mo ní kí o lọ sọ nù, tèmi ni.

O sì bi mí o: "Dípọ̀, àbí o ti ṣì wọ́n mú ni?" Mo wá dá ọ lóhùn lójú àlejò pé kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nínú orin. O dìde, o lọ ń fọ abọ́.

Ojú ń tì mí. Mi ò lè jókòó dè ọ́. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Theophilus ní Moss Side báyìí. Ojú rẹ̀ ni mo ti bú ọ, ojú rẹ̀ náà ni màá ti jẹ́wọ́ pé etí tìrẹ ló gbọ́ ọ dáadáa.

Dípọ̀