Dòdò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Àwẹ̀ró, àbúrò mi ní Ìkirè,

Ara gbogbo wa yá ní Port Harcourt. Adébíyìí ọmọ mi ti ń rìn láti yàrá dé pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń sinmi lọ́nà.

Dókítà ní ọ̀rá àti àjẹjù ti ba iṣan tí ọpọlọ fi ń darí ọkàn rẹ̀ jẹ́. Tó bá dìde, ọkàn náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó sáré tàbí kó rọra. Boma ìyàwó rẹ̀ ti ń dín oúnjẹ rẹ̀ kù tipẹ́. Èmi ni mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni ọmọ mi, tó o fi ń fi ewé bọ́ ọ?" Dòdò tí ò ń fi ránṣẹ́ sí gáréèjì Rumuokoro, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ń fi í pamọ́ sí fún un. Boma ti mọ̀ báyìí. Ó kàn ní, "Mama, e don do." Ìbá sàn kó bú mi.

Má fi dòdò ránṣẹ́ mọ́. Adébíyìí bi mí lánàá bóyá mọ́tò Ìkirè ti dé. Mo ní awakọ̀ náà kì í ná ọ̀nà yìí mọ́. Tó bá pè ọ́, ohun tí ìwọ náà máa sọ nìyẹn.

Fọláhànmí tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n kí ọ. Bá mi kí ará ilé.