Sí Ìrọ̀rí, Tó Sọnù Lórí Òkè Láì Kúrò Lórí Ibùsùn

                                        Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ìrọ̀rí,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n ka ohun tó ti bàjẹ́. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ òwò, wọ́n ní bí nǹkan bá ti dàrú, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá Aláago, àbúrò ìyá wa, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, dá gun òkè gíga fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn fúnra wọn mọ̀, ìwọ náà sì mọ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ẹnubodè pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ. Ìwọ mọ̀. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí àpáta, ọrùn ẹsẹ̀ wọn rọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni ẹjọ́ tí mo ń rò. Èèyàn mọ́kànlá fi ọjọ́ kan àbọ̀ wá ọ nínú kùrukùru. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé o sọnù, àfi ìwọ. Oníbúrẹ́dì kan ṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́ nítorí rẹ. Láti ìsinsìnyí lọ, o ti mọ ìyẹn náà.

Ó yá, báwo ni? Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wà? Ṣé eyín tó ń yọ ọmọ ti ń jẹ́ kó sùn? Ìwọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn ò dùn ọ́ níbi tó o dùbúlẹ̀ sí? Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń pè ọ́ tí fóònù rẹ ń sọ pé o ò sí. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ti bà mí tó lọ́sẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé, tí mo sì fi rán aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé yín. Mo ní kó dúró tì ọ́ títí o fi máa kà á tán. Má sọ fún un pé o máa kà á tó bá dọ̀la. Ó mọ̀ ọ́.

Ní Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bébà há sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá lẹ́nu, oníbàárà mẹ́ta dúró tì mí bí ẹni tó wá gba òkú, ni fóònù mi dún. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè, àwọn ti rí Bàbá, wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ò tíì rí àbúrò mi, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé.

Mo ní, “Àbúrò mi wo?”

Ó dárúkọ rẹ, orúkọ gidi tí ẹnikẹ́ni kì í pè ọ́.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i lánàá. Orí àga gígùn tó wà ní ọ́fíìsì mi ló sùn sí. Ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi kó tó lọ.”

 Ó sọ fún mi pé bó ṣe máa ń rí lára àwọn ẹbí nìyẹn, kí n wá ibì kan jókòó, kí n mu omi. Ìrọ̀rí, mo ti ń darí ilé iṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹnikẹ́ni kò tíì ní kí n mu omi rí.

Mo fi awakọ̀ wa sílẹ̀, mo wa ọkọ̀ fúnra mi. Wákàtí mẹ́rin ni. Ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kò ju yàrá méjì lọ: ibùsùn onírin méjì, sítóòfù kan tí wọ́n to bàtà tútù yí ká, àwòrán òkè lára ògiri tí wọ́n fi bébà pupa sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti wá ọ dé. Mo kà á. Ibi mẹ́rìndínlógún ni. Bàbá sùn sórí ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ètè wọn bó, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wú bí iṣu. Mo ní, “Bàbá, Ìrọ̀rí dà?” Wọ́n ní o ti lọ síwájú, pé ẹsẹ̀ rẹ yá ju tàwọn lọ. Ìwọ, tó jẹ́ pé bó o bá wá kí mi níbi iṣẹ́, ìsàlẹ̀ lo ti máa ń pè mí pé kí n máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orí wọn kò tíì padà sípò.

Aṣọ́bodè ló sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá kọjá ẹnubodè, èèyàn méjì ni kó kọ orúkọ. Bàbá kọ méjì. Ó béèrè ẹnìkejì, wọ́n fún un ní nọ́ńbà rẹ, ó sì pè ọ́. Ó ní o gbé e lójú ẹsẹ̀, o ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá, okùn bàtà ni mò ń so. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa lọ, mo ti wà lẹ́yìn wọn.” Ó ní ohùn rẹ dún bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, òun sì rò pé òtútù ni. Ìrọ̀rí, bàtà wo? Láti ọjọ́ tó o ti jáde ilé ìwé, mi ò rí bàtà tó lókùn lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ohun tó wá jẹ́ kí wọ́n máa wá ọ nìyí. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣàlàyé fún mi pé lókè pátápátá níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan. Orí á fúyẹ́, èèyàn á sì máa rò pé òun gbọ́n ju ti àná lọ. Bí ẹnìkejì bá wà, á wò ọ́ lójú, á ní, “Jókòó, ètè rẹ ti yí padà, a ò lọ síwájú mọ́.” Ẹni tó dá wà kò ní ẹni tó máa wo ètè rẹ̀. Ó ní ìṣubú kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù jù, wákàtí tó bá tẹ̀ lé e ni. Òtútù ti pa fóònù Bàbá ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ṣubú, wọ́n wọ́ ara wọn dé ahéré olókùúta kan, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ti bá wọn, tí wọ́n bọ́ aṣọ òtútù sílẹ̀, tí wọ́n ní ooru ń mú àwọn. Ní iwájú wọn, ife tíì méjì. Búrẹ́dì kan tí wọ́n pín sí méjì, ìdajì ti tán, ìdajì kejì wà lórí òkúta lódìkejì, wọ́n fi aṣọ ìnujú bò ó. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní jáde lọ wá ẹnìkejì?

Ìyẹn ni wọ́n fi ń wá ọ títí di Ọjọ́bọ̀. Mo ránṣẹ́ sí awakọ̀ wa pé kó gba ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, kó gbé e sí ọ láyà, kó ya àwòrán rẹ wá. Ìyàwó rẹ ló ṣílẹ̀kùn fún un. O ò tilẹ̀ jí. Bí àwòrán yẹn ṣe wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ fun fèrè kí àwọn tó wà lókè lè padà. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ṣáájú ni oníbúrẹ́dì ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, tó kàn ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, ti yọ̀ lórí yìnyín níbi tó ti ń pe orúkọ rẹ. Gbogbo ìlú ló ń jẹ búrẹ́dì àná báyìí.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni orí Bàbá wálẹ̀. Mo fi àwòrán rẹ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni kò ṣe fọwọ́ kan búrẹ́dì rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, lẹ́yìn náà omi náà kò dá mọ́, mo sì ní láti jáde lọ wo ọkọ̀.

Orúkọ tèmi náà wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, kó o má bàa rò pé mo ń ṣe ojúsàájú. Èmi ni Bàbá kọ́kọ́ bẹ̀. Ní oṣù kẹta ni, wọ́n wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn ti fi ogójì ọdún jókòó sídìí aago, ojoojúmọ́ ni èèyàn ń béèrè pé ṣé ó ti ṣe tán, àwọn fẹ́ lọ síbi tí kò sẹ́ni tó máa béèrè, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ dá lọ. Mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ wá sórí bébà. Wọ́n kọ ọ́. Mo wo kàlẹ́ńdà, mo ní ó di oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn mi ni wọ́n wá sọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ ò sọ pé rárá, o ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. O ní kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ rẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ti ẹnubodè mọ́ Bàbá. Bàbá sì ti sọ fún ìyá wa pé bí ẹsẹ̀ bá ti lè wọ bàtà, ọ̀nà ẹ̀yìn òkè kò ní ẹ̀ṣọ́. O mọ̀ wọ́n, wọ́n á lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò ní sí orúkọ kankan nínú ìwé, kò sì ní sẹ́ni tó máa wá ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà mo jókòó pẹ̀lú ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, a sì fẹnu kò. Ó ní òun á ṣí ẹnubodè fún Bàbá dé ahéré àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọjọ́ méjì lẹ ó fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn rìn: bí a ṣe ń so okùn, bí a ṣe ń wo ojú ẹnìkejì, bí a ṣe ń sọ fún àgbà pé ẹ jẹ́ ká padà. Ní ti oníbúrẹ́dì, ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, ọwọ́ méjì tó lè po ìyẹ̀fun lòun fẹ́. Mo ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ sinmi dáadáa. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun kan wà tí Bàbá ní kí n má sọ fún ọ. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n fi bá ọ sọ̀rọ̀ lókè. Ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn tó kú, ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ fún ìyá wa, tí wọn kò sì sọ fún mi. Wọn kò rántí tán, ṣùgbọ́n wọ́n ní o gbọ́ ọ dáadáa, o ò sì já lu ọ̀rọ̀ wọn. Lánàá wọ́n bi mí bóyá inú ń bí ọ sí àwọn. Mo ní kí wọ́n bi ọ́ fúnra wọn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣílẹ̀kùn. Fi ẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ìyá wa ní kí n kí ọ, ní ohùn tó o mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ mi á wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, Bàbá á sì ti jókòó sínú rẹ̀. Mi ò bi ọ́ bóyá o máa lọ. Nọ́ńbà bàtà rẹ ni mò ń bi ọ́. Kó dé ọwọ́ mi kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú tó lù. Bí kò bá dé, nọ́ńbà ẹsẹ̀ tèmi ni mo máa rà fún ọ, wàá sì fi gun òkè.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò tíì bínú tán,

Kíákíá.