Pàjáwìrì Nínú Oko Ẹ̀pà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àtinúkẹ́ ti bímọ. Ọkùnrin ni. Ó yẹ kí inú mi máa dùn bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ yín yẹn, pàjáwìrì? Bí wọ́n bá gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì wá síbi iṣẹ́ káfíńtà yín, ẹ ó ní iṣẹ́ pàjáwìrì ni ẹni tó kàn án ṣe. Bí mo bá gé aṣọ oníbàárà láì wọ̀n ọ́n, ẹ ó tún pè é bẹ́ẹ̀. Èébú ni mo kà á sí láti kékeré, ìṣe ẹni tí kò múra sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, èmi àti Àtinúkẹ́ àbúrò mi lọ hú ẹ̀pà ní Okpomèta. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Ọkọ rẹ̀ ti gbé alùpùpù lọ sí Kétu. Ọ̀sán gangan ni ọmọ mú un. Mo gbé fóònù sókè títí, kò sí rẹ́sò. Mo fẹ́ sáré lọ wá ènìyàn lójú ọ̀nà, ó di aṣọ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Bàbá, n kò mọ nǹkan kan. Aṣọ ni mo ń rán. Mo fi omi mímu tó kù nínú bídọn fọ ọwọ́, mo tẹ́ ìró mi sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ jáde, kò ké. Ó rọ̀ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tó rin. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo ń fi gèlè ra ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń pe orúkọ yín. Ṣé ẹ gbọ́? Nígbà tó ké, èmi náà bú sẹ́kún. Àdá wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n fi gé okùn ìwọ́. Mo kàn gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ láyà.

Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Àtinúkẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti Kétu dé láti wá gbé wa lọ sílé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la gun alùpùpù kan ṣoṣo dé ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá pàjáwìrì kíákíá. Mo wo inú yàrá náà: bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́, abẹ́rẹ́ àti oògùn ti wà nílẹ̀. Àṣé ènìyàn lè múra sílẹ̀ de pàjáwìrì, Bàbá. Ẹ kò sọ ìyẹn fún mi rí. Agbẹ̀bí náà yìn mí pé n kò fi àdá kan okùn ìwọ́. N kò lè sọ fún un pé ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Àná ni wọ́n délé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Àwọn ará ilé ti ń pè mí ní ìyá agbẹ̀bí, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti sùn tó dákẹ́ jù, mo máa ń dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ gbé ọwọ́ lé e láyà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà ṣe fún wa?

Ó ń mí. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí ẹ̀rù ń bà, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.