Aṣọ Tuntun Zuweira

                                        Ilé Àlàní,
                                        Adabraka,
                                        Accra, Ghana.
                                        14 Oṣù Kẹjọ, 2022.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ṣakí? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Bùkọ́lá àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé láti ìgbà ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

Ẹ rántí àwòrán tí mo ní mò ń yà, ti aláàárù tó jókòó sórí bélì òkìrìkà, ìdì aṣọ àlòkù ńlá yẹn? Zuweira lorúkọ ọmọbìnrin náà. Apá Tamale ló ti wá, ọjà òkìrìkà Kantamanto níbí ló ti ń ru ẹrù. Àwọn tó ṣètò ìpàtẹ àwòrán fẹ́ iṣẹ́ tó máa fi hàn bí aṣọ tí òyìnbó jù nù ṣe ń kún etí òkun wa. Lọ́jọ́ tó fẹ́ wá jókòó fún mi, ó wẹ̀, ó lé tìróò, ó sì wọ aṣọ tuntun tó fowó ara rẹ̀ rán ní Odawna. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun rí òun nínú ẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, mo ní kó lọ bọ́ ọ. Mo ju gáùn òkìrìkà kan tó ti fàya sí i, mo ní èyí ló bá iṣẹ́ mi mu. Kò bá mi jiyàn. Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó jókòó. Àwọn èèyàn yin àwòrán yẹn gan-an, orí mi sì wú.

Lóṣù tó kọjá, bélì kan já látorí ọkọ̀ lu Zuweira. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, tòun taṣọ tuntun yẹn, a ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò ní fọ́tò ọmọ wọn kankan látìgbà tó ti dàgbà, ni mo bá gbé àwòrán náà síwájú wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fi Hausa bi mí pé, "Ṣé ọmọ mi ò láṣọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí, bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mo jẹ́wọ́ pé ó láṣọ, èmi ni mo ní kó bọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ méjì, màá kun gáùn yẹn rẹ́, màá sì ya aṣọ tuntun rẹ̀ sí i lára. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá ní àwọ̀ wo ni aṣọ ọ̀hún.

Mo bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kantamanto: ọ̀kan ní pupa ni, èkejì ní àwọ̀ ewé. Iwájú mi ló dúró sí pẹ̀lú aṣọ yẹn lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wò ó.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kẹ́ ẹ sì bá mi ṣàdúà fún un. Ìyá Zuweira ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń retí àwòrán náà.

Èmi àbúrò yín,
Múdàṣírù.