Òkúta Tí Mo Kọ Orúkọ Yín Sí

Bàbá mi, ẹni tí ilẹ̀ Mẹ́kà gbà mọ́ wa lọ́wọ́,

Jẹ́dà ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín. Àwọn tí ó ń ya fíìmù ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa nílé ni ó pè mí, nítorí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mo fi ṣiṣẹ́, pé kí n fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó ń fa ìmìtìtì ilẹ̀. N kò fẹ́ràn kámẹ́rà. Mo gbà nítorí pé Jẹ́dà kò jìnnà sí ibi tí wọ́n sin yín sí nígbà Háájì.

Níbi iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ńlá kan ń lu ilẹ̀ lọ sí ibi tí àpáta ti ya nísàlẹ̀. Òkúta tí ó ń fà wá sókè rí roboto bí ọ̀pá. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ ibi tí ó ti wá sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbé. Bí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán àpáta náà sára pátákó, ẹ̀yin ni mo ń rò. Agboòrùn yín, kẹ́tùlù àlùwàlá yín, ẹsẹ̀ àga yín: èwo ni ẹ kò kọ orúkọ sí? Ẹ kò fẹ́ kí ohunkóhun sọnù. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni sàréè yín kò ní orúkọ?

Wọ́n fẹ́ da àfọ́kù òkúta dúdú kan nù. Mo tọrọ rẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ yín sí i, mo sì gbé e lọ sí Mẹ́kà.

Ọmọ Yorùbá kan tí ó ń fi ọkọ̀ kó èrò ní àdúgbò Rusaifah ní Mẹ́kà ni ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. Obìnrin kì í wọlé níbẹ̀. Mo mọ̀ kí n tó lọ. Òun ni mo bẹ̀ pé kí ó bá mi gbé òkúta náà wọlé, kí ó fi sílẹ̀ níbikíbi. Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́.

"Àlàájà, ẹ forí jì mí. Mi ò ní ìkámà, ìwé àṣẹ láti gbé ibí. Bí wọ́n bá bèèrè ìwé lọ́wọ́ mi pẹ́nrẹ́n, ilé yá nìyẹn. Àti pé nínú gbogbo sàréè yìí, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá?"

 Mo dúró sẹ́yìn ògiri nínú oòrùn, mo di òkúta náà mú. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo wá? Ta ni yóò tún wá lẹ́yìn mi? Gbogbo ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ara tèmi náà kò sì gba ìrìn àjò mìíràn mọ́. Wọ́n kọ́ wa pé àdúà kò nílò àmì. Mo ṣe àdúà. Kò tù mí nínú.

Nígbà tí mo padà dé yàrá mi ní Hindawiyah, níhìn-ín ní Jẹ́dà, mo ṣí ọwọ́. Òógùn ti pa orúkọ yín rẹ́ lára òkúta. Ìwọ̀nba funfun tí ó kù wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì mi. Wọ́n ti pe ìrun àṣálẹ́. Ó yẹ kí n dìde ṣe àlùwàlá, kí n fi omi fọ ọwọ́ méjèèjì.

Mo ṣì jókòó.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.